Bí A Ṣe Ń Rí Ìlú Nínú Igbó: Ahoro, Adágún àti Ọ̀nà Ẹsẹ̀ ní Òkè-Ògùn

Ní ilẹ̀ Áílándì, ẹni tó bá fẹ́ wo ahoro ilé olódi kì í wá a kiri. Orí títì ni yóò ti máa rí i lókèèrè. Ilé olódi Trim, tí Hugh de Lacy bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí 850 ọdún sẹ́yìn, ṣì nàró dòní, nítorí òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì sun òkúta ẹfun, wọ́n pò ó mọ́ iyanrìn, wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Òjò ilẹ̀ wọn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òjò kì í tètè rí òkúta gbé ṣe.

Ní Òkè-Ògùn, ènìyàn lè dúró sí àárín gbùngbùn olú-ìlú tó jọba lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, kó máa bèèrè pé níbo ni ìlú ọ̀hún wà. Kò ní rí ògiri kankan. Koríko ni yóò rí, àti igi oṣè, àti òkúta ńláńlá, àti agbo ẹyẹ awó tó ń sá wọgbó. Ìlú náà wà níbẹ̀ ṣá o. Ojú ni kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Èyí ni mo fẹ́ ṣàlàyé: bí ahoro ilé amọ̀ ṣe ń rí, ìdí tí omi fi ń dúró lórí àpáta, bí ọ̀nà inú ọ̀dàn ṣe ń ṣí tó sì ń dí, àti bí a ṣe ń rìn ín.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, tàbí tó gba Ìgbòho yọ sí Ìgbẹ́tì, yóò rí i pé ilẹ̀ á tẹ́jú lọ salalu, lójijì ni òkè kan á yọrí láàárín pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àpáta gíráníìtì ni. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti dì, nígbà tí ohun gbígbóná tó wà níbẹ̀ rọra tutù, láyé ìgbà tí kò tíì sí ènìyàn. Òjò wá ń fọ ilẹ̀ tó bò ó lọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí àpáta ti sán púpọ̀, omi wọ inú sísán náà, àpáta rà, ó di iyanrìn àti amọ̀, ọ̀gbàrá sì gbé e lọ. Ibi tí kò sán púpọ̀ ló ṣẹ́kù, tí à ń pè ní òkè lónìí. Lẹ́yìn tó yọrí tán, oòrùn ọ̀sán ń mú ara rẹ̀ gbóná, òru ń mú un tutù, títí tí awọ òde rẹ̀ á fi máa bó ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Òkúta rọ̀bọ̀tọ̀ tí ẹ ń rí ní ṣóńṣó òkè, tó jọ pé àwọn òmìrán ló gbé e kalẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e débẹ̀. Òun wà níbẹ̀ látilẹ̀, ohun tó yí i ká ló ti lọ.

Ọ̀dàn náà ní ipa tirẹ̀. Nínú igbó kìjikìji, eṣinṣin tó ń gbé àìsàn sùnrunsùnrun kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé. Ní ọ̀dàn, eṣinṣin yìí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ sì là fún eré sísá. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ fi lè kó ẹlẹ́ṣin jọ, tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń ba ará ibi tó jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹṣin kò lè gun àpáta. Ẹni tí ẹlẹ́ṣin bá ń lé, òkè ni yóò forí lé, bó bá sì dé òkè tí kò bá omi níbẹ̀, òùngbẹ ni yóò parí iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibi tí òkè àti omi bá ti pàdé, ibẹ̀ ni ìlú ti ń lè dúró. Ṣakí fẹ̀yìn ti òkè Asábárí, débi pé orúkọ òkè náà ti wọnú oríkì ìlú. Ìgbẹ́tì fẹ̀yìn ti àwọn òkè tirẹ̀. Àwọn ará Adó-Àwáyè gbé orí òkè gan-an kí ogun tó rọlẹ̀ tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí arìnrìn-àjò òde òní bá ń wá òkè tó rẹwà, omi tó mọ́, àti ọ̀nà tó yí wọn ká, ohun kan náà tí àwọn tí ogun ń lé wá ló ń wá. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn yóò mọ ibi tó yẹ kó wò.

Àwọn ará Áílándì náà mọ ọgbọ́n yìí. Etí adágún Lough Leane ni wọ́n kọ́ ilé olódi Ross sí ní Killarney. Nígbà tí ọmọ ogun Cromwell, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, dó tì í ní ọdún 1652, ọ̀nà orí ilẹ̀ kò ṣe wọ́n lóore. Ìgbà tí wọ́n kó ọkọ̀ ojú omi wọ inú adágún ni àwọn tó wà nínú ilé tó túúbá.

Ọ̀yọ́-Ilé ni baba àwọn ahoro wa. Inú Old Oyo National Park ló wà, ní apá àríwá ọgbà náà, Ìgbẹ́tì sì ni ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà débẹ̀. Ọgbà náà fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú àti lóòró. Igbó méjì tí ìjọba yà sọ́tọ̀ nígbà òyìnbó ni tẹ́lẹ̀: ti apá òkè odò Ògùn ní 1936, ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 wọ́n sọ wọ́n di ibi ìtọ́jú ẹranko, ní 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ pa wọ́n pọ̀ di ọgbà kan. Èyí ṣe ahoro náà lóore tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oko iṣu ni wọ́n fi ibẹ̀ dá ni, ebè ì bá ti tú odi náà ká tipẹ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, gba Àgbádárìgì dé Ọ̀yọ́-Ilé, òun àti Richard Lander tó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Aláàfin Májòtú ló wà lórí oyè. Katunga ni àwọn Hausa ń pe ìlú náà, orúkọ yìí ló sì wọ ìwé Clapperton. Ó díwọ̀n odi ìlú: ó ní yóò tó máìlì 15 yíká, ìyẹn bíi kìlómítà 24, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, yàrà tí kò lómi yí i ká, ibodè rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Ìlú náà na ara sí ẹ̀gbẹ́ àti ẹsẹ̀ òkè gíráníìtì kan. Ààfin àti ilé àwọn ayaba nìkan gba bíi máìlì kan níbùú àti lóòró ní apá gúúsù òkè náà, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán sára òpó àti ilẹ̀kùn rẹ̀: ejò ńlá tó ń pa ẹran ìgbẹ́, jagunjagun lórí ẹṣin. Lander tún gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ní 1830. Kò pé ọdún mẹ́wàá sí i tí ìlú fi tú. Aláàfin Olúewu bá ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀ lọ, ìlú kó ẹrù sọ̀ sí gúúsù, Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Láti nǹkan bí 1837, kò sẹ́ni tó tún òrùlé ṣe ní Ọ̀yọ́-Ilé mọ́.

Òrùlé yìí ni kókó ọ̀rọ̀. Ògiri amọ̀ lè ṣojú ọmọ, kó ṣojú ọmọ-ọmọ, bí òrùlé bá ti bò ó. Kí koríko orí rẹ̀ sáà ti jó tàbí kó jẹrà, òjò á máa wọ orí ògiri, orí á rọ̀, á máa já lulẹ̀ ní wóńwó. Èyí tó já lulẹ̀ á wá bo ẹsẹ̀ ògiri, ẹsẹ̀ tí a bò yẹn ni òjò kò sì ní lè dé mọ́. Ìdí nìyí tí ahoro ilé amọ̀ kì í fi í parẹ́ tán. Yóò di òkìtì gígùn tó rẹlẹ̀, koríko á hù lé e, ẹni tó ń kánjú á sì gbà á bí ilẹ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti odi ìlú: apá kan amọ̀ rẹ̀ ti padà sínú yàrà tí wọ́n ti wà á, odi ti kúrú, yàrà ti dí díẹ̀, àmọ́ àwọn méjèèjì ṣì jọ ń lọ.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí ojú tó mọ̀ ọ́n. Ẹ máa rìn. Bí ilẹ̀ bá ṣàdédé sọ̀ lábẹ́ yín, tí koríko ibẹ̀ sì tutù ju ti ẹ̀yìn lọ, tí ẹ tún wá gun òkìtì kan ní òdìkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé odi ìlú lẹ kọjá yẹn. Ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, ẹ dúró, ẹ wo apá ọ̀tún, ẹ wo apá òsì. Ojú odò máa ń wọ́ kiri ni, kòtò yìí kò wọ́; ó ń lọ bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ tún wo ibi tí òkìtì wà: apá ìlú ni, kòtò wà ní apá ìta. Ẹni tó ń bọ̀ wá jà yóò kọ́kọ́ já sí kòtò, kó tó máa wo amọ̀ gíga lókè orí, ẹni tó wà lórí amọ̀ náà sì ń wò ó. Ìṣirò Clapperton á wá yé yín dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ bàtà 20 tó kọ yẹn, ẹ fi jíjìn yàrà kún un.

Àmì kejì ni igi oṣè. Ènìyàn ló máa ń gbìn ín tàbí kó dá a sí nítòsí ilé, nítorí ewé rẹ̀ tó wúlò lọ́bẹ̀ àti èso rẹ̀, ó sì máa ń gbé ilé ayé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún lẹ́yìn tí ẹni tó gbìn ín ti lọ. Níbi tí ẹ bá ti rí oṣè tó pọ̀ lójú kan láàárín ọ̀dàn, ẹ wolẹ̀ dáadáa. Àmì kẹta wà lójú àpáta: ihò pẹlẹbẹ tó ń dán, tó gùn bí àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú ọlọ ni. Àwọn obìnrin ló fi ọkà àti ata lílọ̀ gbẹ́ ẹ, láìmọ̀ pé àwọn ń gbẹ́ ohunkóhun.

Àpáàdì ló wá pọ̀ jù. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ yí i sí oòrùn. Àwọn kan ní ìlà wẹẹrẹ tó tẹ̀lé ara wọn lọ láìyẹ̀. Kì í ṣe pé amọ̀kòkò fi ọwọ́ fa ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan; ó yí igi kékeré tí wọ́n gbẹ́ tàbí okùn tí wọ́n lọ́ lára ìkòkò nígbà tó ṣì tutù ni. Àwọn mìíràn jọ pé wọ́n fi ìgbálẹ̀ nù ún. Ní ọdún 1950 sí 1960 ni awalẹ̀pìtàn Frank Willett gbẹ́ ilẹ̀ ní Ọ̀yọ́-Ilé, tó rí àwọn òkúta pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n fi ṣe ohun èlò nínú ihò àpáta Mejiro, ohun ìgbà tí Ọ̀yọ́ kò tíì sí rárá. Robert Soper àti Patrick Darling wá wọn odi ìlú náà ní ìparí ọdún 1970 sí 1980, Babátúndé Agbájé-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn sì fi Ọ̀yọ́-Ilé ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní 1983. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí gbára lé ibi tí àpáàdì kọ̀ọ̀kan wà, àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti lókè rẹ̀. Àpáàdì tí ẹnì kan bá kì bọ àpò kò lè sọ ìtàn kankan mọ́. Ẹ dá a padà síbi tí ẹ ti mú un, kí ẹ̀gbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ padà sísàlẹ̀. Òfin náà kà á léèwọ̀.

Ọdún 1995 ni Nàìjíríà ti fi Ọ̀yọ́-Ilé sínú ìwé tó gbé síwájú UNESCO pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò fún ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, orí ìwé náà ló wà. N kò rò pé ẹjọ́ ìtàn ni. Ìtàn pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà ni kò dán mọ́rán. Ẹni tí kò bá ní amọ̀nà tó mọ odi yàtọ̀ sí ebè ìkán yóò wo koríko délé ni.

Ẹni tí ìrìn àjò Ọ̀yọ́-Ilé bá le fún, kó lọ sí Ìgbòho. Ibẹ̀ kì í ṣe ahoro, ìlú alààyè ni, ọjà ń ná, ọ̀kadà ń sá. Nígbà tí Tápà lé Ọ̀yọ́ kúrò nílé ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Aláàfin Onígbogí sá wọ ilẹ̀ Ìbàrìbá. Ọmọ rẹ̀, Òfinràn, ń darí bọ̀ wá sílé nígbà tó kú sójú ọ̀nà ní Kùsú, wọ́n sì di òkú rẹ̀ sínú awọ, wọ́n ń gbé e kiri títí wọ́n fi dé Ìgbòho. Ọba mẹ́rin ló sùn síbẹ̀: Òfinràn, Eégúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Àwọn ìtàn kan ní obìnrin ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Ẹ bèèrè nípa rẹ̀ ní Ìgbòho, ẹ ó rí àríyànjiyàn tó dùn ún gbọ́. Abípa, tí a tún ń pè ní Ọba Mọ́rọ̀, ló kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Igbó tí wọ́n sin àwọn ọba sí ṣì wà, ó sì ní àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò sí géètì tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ààfin Àlẹ̀pàtà ni ẹ ó ti kọ́kọ́ kí, ẹ ó mú nǹkan obì dání, wọn á sì fún yín ní ẹni tí yóò mú yín lọ. Ohun tó bá ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ bọ́ ọ; ibi tó bá ní kí ẹ má ya fọ́tò, ẹ ti fóònù bọ àpò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún àwọn òkè tí wọ́n ń bọ: Òkèrè ni ẹ ó fi tó létí ní Ṣakí, Aláàdó ni ní Adó-Àwáyè.

Adó-Àwáyè yìí ni ibi tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sì jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe àtẹ̀gùn sí ẹsẹ̀ òkè, 369 ni wọ́n kà á sí. Ibi tó bá parí sí, ọ̀tá ẹsẹ̀ ló kù, àpáta gbalasa tó ń yọ̀ bí òjò bá pa á. Lókè ni ẹ ó ti rí òkúta Ìṣàgẹ̀ tó dúró lórí ìdí tó kéré sí i, àti ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti àwọn àgbààgbà, àti ibì kan tó tóóró tí wọ́n sọ ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé, Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Kí ẹni tí òòyì máa ń kọ́ yẹra fún ti ìkẹyìn yìí. Orúkọ rẹ̀ ti sọ tán.

Iyake ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ gòkè: omi tó dúró sórí àpáta, tí koríko yí ká, tí àwọn ará ìlú ní kì í gbẹ. Báwo ni omi ṣe ń wà lórí òkè tí kò sí odò? Gíráníìtì kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta tó gbòòrò, gbogbo rẹ̀ á sáré lọ síbi tó bá rẹlẹ̀ jù. Níbi tí omi bá ti ń dúró léraléra, yóò máa jẹ àpáta lábẹ́lẹ̀, ihò á máa jìn, omi tó lè gbà á sì máa pọ̀ sí i. Amọ̀ àti ewé tó rà á dí ojú sísán tí omi ì bá gbà jò. Ojúde àpáta tó ń da omi sínú rẹ̀ fẹ̀ ju ojú omi náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi lè la ẹ̀ẹ̀rùn já. Fún ìlú tó ń sápamọ́ fún ogun, omi yẹn ju wúrà lọ. Ìtàn ìlú ní ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ láti wọn jíjìn rẹ̀ kì í jáde. Ẹ má wọ̀ ọ́. Yálà ẹ gba ìtàn náà gbọ́ tàbí ẹ kò gbà á, ẹsẹ̀ kì í rí nǹkan dì mú létí àpáta tí ewé omi ti bò.

Wọ́n máa ń sọ pé irú Iyake méjì péré ló wà láyé, pé èkejì wà ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Hanging Lake ti Colorado, omi tó ní ẹfun nínú ló ń tò ó létí, tí ẹfun náà fi di ògiri tó sé omi náà mọ́. Ní orí òkè Mangerton, nítòsí Killarney tí mo mẹ́nu bà, adágún kan wà tí wọ́n ń pè ní Devil's Punchbowl. Yìnyín ayé àtijọ́ ló gbẹ́ ihò rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni omi fi dé orí òkè wọ̀nyí. Iyake kò nílò kí á fi irọ́ gbé e níyì.

Adágún Ìkẹ̀rẹ̀, ní ilẹ̀ Ìsẹ́yìn, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Nítòsí Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀, tó ń ṣàn gba Abẹ́òkúta lọ sí ọ̀sà Èkó. Níbi tó ti gba àárín òkè méjì tó súnmọ́ra kọjá, ìjọba àpapọ̀ kó erùpẹ̀ dí i lọ́nà; ìgbà ìjọba Shehu Shagari, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1980 sí 1990, ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sé odò máa ń wá irú ọ̀nà tóóró bẹ́ẹ̀, nítorí ògiri kúkúrú á sé omi púpọ̀. Èyí gbà tó mílíọ̀nù 690 mítà omi níbùú, lóòró àti níjìn. Iná mànàmáná àti omi oko ni wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Àwọn tó ń retí iná yẹn láti kékeré ti bí ọmọ. Apẹja ló kọ́kọ́ jèrè rẹ̀: epìyà àti àrọ̀ pọ̀, ọkọ̀ igi ń lọ ń bọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn omi á sún sẹ́yìn, igi tó ti kú sínú rẹ̀ á yọrí, ọkọ̀ á sì ní láti yẹ̀ wọ́n. Ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú ọlọ́kọ̀ kí ẹ tó wọlé, ẹ bèèrè ẹ̀wù amúniléfòó, bí kò bá ní, kí ẹ gbádùn adágún náà láti etí. Apá kan rẹ̀ bá igbó ọgbà náà pàdé, ẹranko sì máa ń wá mu omi níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kù. Ọ̀nà inú ọ̀dàn kì í wà lójú kan. Òjò á bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí kẹrin, nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, koríko ti ga ju ènìyàn lọ, ọkọ̀ kò ní lè gba ọ̀pọ̀ ibi nínú ọgbà. Nígbà tí òjò bá dá, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà á tún ojú ọ̀nà là, wọn á sì fi iná sun koríko lẹ́sẹẹsẹ. Èyí máa ń bí àwọn àlejò nínú, wọ́n á ní ṣé wọ́n fẹ́ jó ẹranko ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iná tí wọ́n bá tètè dá, tí koríko ṣì tutù díẹ̀, kì í le, kì í sì í pa igi. Bí wọ́n kò bá dá a, iná ọdẹ tàbí ti darandaran á wọ ibẹ̀ ní oṣù kejì, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ háúháú, igi irúgbá àti igi tí wọ́n ń mú òrí lára èso rẹ̀ á bá a lọ. Lẹ́yìn iná kùtùkùtù yìí, koríko tútù á rú, ìgalà á jáde wá jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ohun tí ẹ fẹ́ rí ni yóò yan oṣù fún yín. Tó bá jẹ́ odi àti yàrà ni, ẹ lọ lẹ́yìn tí koríko ti jó, ní oṣù kìíní tàbí ìkejì, kí ilẹ̀ fi ara rẹ̀ hàn. Tó bá jẹ́ ẹranko ni, oṣù kejì sí ìkẹta ló dára jù, nígbà tí omi inú igbó ti gbẹ tí wọ́n fi ní láti wá sétí odò Ògùn: ìmàdò, ìjímèrè, àti ẹfọ̀n bí orí bá ṣe yín ní rere. Tó bá jẹ́ orí òkè ni ẹ fẹ́ gùn láti wo ìlú, ẹ lọ ní oṣù kọkànlá kí ọyẹ́ tó gbòde. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ ó gun 369 àtẹ̀gùn lọ wo eruku.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ ọgbà náà. Ọ́fíìsì wọn tó ga jù wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gba àyè, wọn á sọ géètì tí ẹ ó gbà, ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tàbí òmíràn, aṣọ́gbó tó ní ìbọn á sì bá yín lọ. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó kúrò nílé. Igbó náà tóbi, lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí sì rèé, kì í ṣe ẹranko nìkan là ń bẹ̀rù nínú igbó. Bí wọ́n bá ní ẹ má wá lóṣù yẹn, ẹ má fi owó wá ọ̀nà mìíràn. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, nítorí ejò. Ṣòkòtò gígùn, nítorí koríko tó ń gé ni àti kantíkantí etí odò. Fóònù kò ní gba ìpè ní ọ̀pọ̀ ibi.

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ló yá. Ẹni tó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, kó gun Adó-Àwáyè ní òwúrọ̀ kùtù, kó sùn sí Ìsẹ́yìn, kó ra aṣọ òkè lọ́wọ́ ẹni tó hun ún, kó fi ọjọ́ kejì wo Ìkẹ̀rẹ̀. Kó má da Ọ̀yọ́-Ilé mọ́ ọn, ìyẹn fẹ́ ìrìn àjò tirẹ̀: Ṣakí, Ìgbòho, kí ẹ sùn sí Ìgbẹ́tì, kí ẹ sì wọ igbó ní ìdájí nínú ọkọ̀ tó ga nílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò ní Ìgbẹ́tì, ẹ rọ epo kún, ẹ ra omi àti oúnjẹ fún ara yín àti fún aṣọ́gbó tó máa bá yín lọ, nítorí àwọn ará Ọ̀yọ́-Ilé ti kó ọjà Akẹ̀sán wọn lọ sí gúúsù láti ìgbà Àtìbà.